Àdúrà Tí Mo Gbà Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọkọ̀ pupa náà rẹlẹ̀ débi pé adìyẹ lè dúró nílẹ̀ kó máa wo inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ojú iná rẹ̀ méjèèjì súnkì bí ojú ẹni tó fẹ́ jà, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́ títí tó ń dán gbinrin nínú ọgbà kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ rà á. Láti ìgbà tó ti sọ ọ́ fún mi ni oorun ti fò lójú mi.

Àbúrò mi yìí ni àbíkẹ́yìn ilé wa. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, torí ìyá wa kì í sí nílé, ọjà Ṣáṣà ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ wa. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ tó bá ń sọdá títì lójú mi, n kì í lè mí dáadáa àfi tó bá dé òdìkejì. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Àwọn ará ilé wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí òjò bá ṣú ní Ìbàdàn, èmi ni màá kọ́kọ́ sáré ká aṣọ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọn ò parọ́ mọ́ mi.

Láti kékeré ló ti ń ya ọkọ̀ spọ́ọ̀tì sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Nígbà tó wá pè mí lórí fóònù pé òun ti rí ọ̀kan tó jẹ́ tòkunbọ̀, pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú lòun fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo bi í pé ibo ló fẹ́ máa gbé e gbà. Igàńdó ló ń gbé, ní òpópónà kan tí omi máa ń kún, tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń ká ṣòkòtò sókè kí wọ́n tó lè dé ẹnu géètì wọn.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí mi,” ó ní. “Ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ni màá máa gbé e jáde.”

“Gbé e gba ibo? Àbí orí òrùlé lo fẹ́ máa gbé e gbà?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ wo ọkọ̀ kankan láìsí mi níbẹ̀.

Ìyá wa náà ti gbọ́. Wọ́n pè mí láti abúlé, wọn ò tiẹ̀ kí mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: “Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́ o. Má jẹ́ kó fi owó ara rẹ̀ ra pósí.” Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n kọrin, mo kọrin, wọ́n wàásù, n ò gbọ́ nǹkan kan. Pósí pupa onílẹ̀kùn méjì nìkan ni mò ń rí.

Bí ìsìn ṣe parí ni mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, n ò tiẹ̀ dúró pààrọ̀ aṣọ. Nínú ìjọ tiwa, ẹni tó bá wọ sútánà kì í wọ bàtà, torí náà ẹsẹ̀ lásán ni mo fi wọnú ọgbà yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rin torí òjò àná. Mo bá àbúrò mi níbẹ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì tó mú wá láti Ìkòtún, torí kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe tí yóò ra tòkunbọ̀ láìmú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání. Ẹnì kẹta ni ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà. Ó ní ti ọ̀rẹ́ òun ni, pé ọ̀rẹ́ náà ti padà sí òkè òkun. Ó sanra, ó fín lọ́fínńdà, ó sì ń pe àbúrò mi ní ọ̀gá mi kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mẹkáníìkì náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó fi ìka kan ara ọkọ̀ náà yíká, ó ń fetí sí ìró rẹ̀ bóyá wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ ibì kan. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo ẹ́ńjìnnì yọ, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá béèrè jáàkì, ó tẹ́ páálí sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kó lè wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ wo bíréèkì àti ibi tí irin bá ti dípẹtà. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní ó dáa, kó wọlé síbẹ̀, kó má yára jáde.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkùnrin ọlọ́fínńdà yẹn rí mi.

“Háà! Ìyá Aládùúrà! Ẹ kú ìsìn o, Mọ́mì!” Mọ́mì! Ọkùnrin tó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. “Ọkọ̀ yìí ríre lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, kí wọ́n tó fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, ẹ bá wa gbàdúrà sí i ná.”

Kò sí bí èèyàn ṣe máa wọ sútánà, tí wọ́n á ní kó gbàdúrà, tó máa ní ó di ọ̀la. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ní wọn ò tíì ṣíná sí i láti àárọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ti lanu. Mo gbàdúrà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní kí Olúwa fi ọwọ́ rẹ̀ bo táyà, kó bo ẹ́ńjìnnì, kó bo sítíárìn, kó bo gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ yìí tí n ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ò ní ta sílẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Àmín ń dún gbì-gbì, ohùn ẹni tó ń ta ọkọ̀ ló sì ga jù.

Nígbà tí mo la ojú, mẹkáníìkì wa ń ká páálí rẹ̀ nílẹ̀.

Mo ní, “Ṣé o ti wò ó tán ni?”

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò. “Ó ti parí nìyẹn, mà. Ibi tẹ́ ẹ bo dé yẹn, kí ni mo tún fẹ́ lọ wá lábẹ́ ibẹ̀?”

Mo fẹ́ sọ fún un pé kó padà sínú ẹrẹ̀ yẹn, kó lọ wo bíréèkì. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, èmi tí omijé ò tíì gbẹ lójú mi? Wọ́n á ní obìnrin yìí ò gba àdúrà ara rẹ̀ gbọ́. Mo wo ojú àbúrò mi, ó ń tàn bí ìgbà tó wà ní kékeré. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó kù kí àbúrò mi wà á wò. Mo ní ibi tó bá lọ ni mò ń lọ. Ọkùnrin ọlọ́fínńdà náà ṣẹ́ ìjókòó iwájú po, mo sì rá wọ ẹ̀yìn bí ẹni ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mẹkáníìkì dúró sínú ọgbà torí kò sí àyè. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ mi lásán lé ilẹ̀ ọkọ̀ náà, ó tutù. Mo fi àtàǹpàkò tẹ kápẹ́ẹ̀tì yẹn, omi rú jáde láàárín ìka ẹsẹ̀ mi, iyanrìn kíkúnná sì tẹ̀ lé e. Mo wá gbóòórùn nǹkan lábẹ́ lọ́fínńdà. Ẹni tí àgbàrá bá ti wọ yàrá rẹ̀ rí ní Alímọ̀ṣọ́ ò ní béèrè òórùn kí ni. Omi ti gbé ọkọ̀ yìí mì rí.

“Kí ló dé tí ilẹ̀ ibí fi rin báyìí?”

“Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, Mọ́mì,” ọkùnrin náà dáhùn láti iwájú. “Ẹ jókòó yín jàre.”

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò sí ilẹ̀kùn kankan tó jẹ́ tèmi. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi kì í ṣí. Mo lè sọ pé kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n àdúrà yẹn ṣì gbóná lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo jókòó, orúnkún mi kan àyà, ẹsẹ̀ mi nínú omi.

A jáde ní géètì, a rọra fo kòtò kan, a fo òmíràn, abẹ́ ọkọ̀ ń ha ilẹ̀. Nígbà tá a dé ojú ọ̀dà, ẹ́ńjìnnì bú. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà pariwo, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín sókè, ẹ̀rín tí n ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún yìí wá.

“Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀gá mi!” ni ẹni iwájú ń wí. “Ọkọ̀ eré ni!”

Mo rí ojú àbúrò mi nínú díńgí. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ti dákẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀nà dà gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún, ìjọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, aṣọ funfun kún ojú títì, àwọn ìyá pọn ọmọ, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sáré kiri.

Gbogbo iná tó wà níwájú dírẹ́bà tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kú pọ̀. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ọkọ̀ ò dúró. Mo rí orúnkún àbúrò mi tó ń lọ sókè sódò, sókè sódò, ó ń tẹ bíréèkì, kò sí ohun tó ń mú un. Ó tẹ fèrè, fèrè ò dún. Ọkùnrin ọlọ́fínńdà náà di ilẹ̀kùn mú, ó ń pe Jésù, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín bíi ti ọmọdé. Èmi tí mo wọ sútánà ò rí àdúrà kankan pè. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ti fò lọ. Orúkọ àbúrò mi nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi, orúkọ tí mo máa ń fi pè é nígbà tó wà lẹ́yìn mi.

Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fa sítíárìn tó ti le gan-an yẹn. Wọ́n ń kọ́ ilé kan lọ́wọ́ lápá ọ̀tún, wọ́n sì ti já òkìtì iyanrìn ńlá síwájú rẹ̀. A wọ inú òkìtì yẹn lọ gbàgà. Àyà mi gbá ìjókòó iwájú. Iyanrìn bo gíláàsì, ojú ọ̀sán di dúdú.

Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹni tó ń ta ọkọ̀. Kò wẹ̀yìn. Àbúrò mi ló yí ká, ó ṣẹ́ ìjókòó po, ó fà mí jáde, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú amù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Èrò ti pé lé wa lórí. “Ẹ kú ewu o!” “Sútánà Ìyá yìí ló kó wọn yọ o!” Ọkùnrin ọlọ́fínńdà náà ti rí ohùn rẹ̀ padà. “Ẹ ò rí i bí àdúrà yín ṣe ṣiṣẹ́, Mọ́mì? Òróró bíréèkì díẹ̀ ló kàn ń fẹ́, ṣá.” N ò mọ ohun tí mo sọ sí i. Àbúrò mi ní mo ṣépè, n ò rántí.

A fẹsẹ̀ rìn títí a fi rí bẹ́ǹṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì. Ó ra omi ọlọ́ràá fún mi. Mo fi eyín já a, omi náà ń dà sára sútánà. Mo ń bá ọkùnrin yẹn jà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń bá mẹkáníìkì jà, mo ní gbogbo wọn ló fẹ́ pa wá. Àbúrò mi wolẹ̀.

“Àǹtí mi, mo ti mọ̀.”

“O mọ kí ni?”

“Bíréèkì yẹn. Láti ẹnu géètì ni mo ti mọ̀. Bí mo ṣe kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló rọ̀ bíi búrẹ́dì. Nígbà tá a máa fi dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta kó tó mú.”

“Kí ló wá dé tí o ò dúró? Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà sí i tán ni, mà. Ẹ tún sunkún. Mo rò pé tí mo bá ní kò dáa, á dà bíi pé mò ń sọ pé àdúrà yín ò gbà.”

Ẹ̀rù tó bà mí lórí bẹ́ǹṣì yẹn ju ti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ lè pa á, pé ọ̀nà lè pa á, pé èèyàn burúkú lè pa á. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èmi náà lè pa á, tomijé-tomijé, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ tí kò sì fẹ́ dójú tì mí.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní láti òní lọ, tí mo bá ń gbàdúrà lọ́wọ́ tó sì rí i pé iná ń jó ẹ̀yìn aṣọ mi, kó já àdúrà náà gbà lẹ́nu mi, kó pariwo.

“Mo gbọ́, mà,” ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo ní kó tún un sọ, kó má rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ.