Ogójì Tí Mo Sọ Lórí Fóònù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ṣì ń tì mí. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni, mi ò tíì pé oṣù mẹ́rin ní Glenarden níbí, ní Amẹ́ríkà. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi àti Fọlákẹ́, ọmọ wa ọlọ́dún kan ààbọ̀, la wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ṣàdédé ni ara ọmọ gbóná! Ó tún ń gbọ̀n. Mo yọ tẹmómítà tí màmá mi dì sẹ́rù mi láti Ìbàdàn, mo fi sí abíyá rẹ̀. Ogójì! Ibà ńlá nìyẹn!

Mo pe nọ́ọ̀sì orí fóònù tí ọsibítù fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀. Kí ni ẹnu mi sọ? Ṣebí “òtútù ń mú un” la máa ń wí nílé? Mo gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà: “Cold is catching my baby! Her temperature is forty!” Obìnrin náà ta gìrì. Ó ní kí n tètè fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, òun ń rán áńbúláǹsì bọ̀.

Mo wé e o! Ẹyọ kan, ẹyọ méjì, mo tún gbé híítà sún mọ́ ọn. Ṣé nọ́ọ̀sì òyìnbó á ṣì mí lọ́nà ni? Kò pẹ́ rárá, ara ọmọ ń jó mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń yí. Mo pariwo Jésù títí ohùn mi fi há.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àǹtí Bùnmi tó ń gbé nísàlẹ̀ wa gbọ́ igbe mi. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni.

“Ta ló ní kí o wé ọmọ yìí? Tú u! Tú u kíá!”

Wọ́n pa híítà, wọ́n bọ́ aṣọ ọmọ, wọ́n ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ún. Mo fẹ́ sáré gbé yìnyín, wọ́n ní kí n má dán an wò, pé gbígbọ̀n yẹn á tún pọ̀ sí i.

“Àǹtí, nọ́ọ̀sì ló ní kí n wé e. Mo sọ fún wọn pé ogójì ni.”

“Ogójì ti Nàìjíríà! Selsiọ́ọ̀sì nìyẹn. Fárẹ́ńháìtì làwọn ará ibí ń lò. Ogójì tiwọn, inú fíríìjì ni! Wọ́n rò pé òtútù ló fẹ́ pa ọmọ. Mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n ń pe tiwa yìí. Ooru kan náà, orúkọ méjì!”

Áńbúláǹsì gbé èmi, ọmọ àti Àǹtí lọ sí ọsibítù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara Fọlákẹ́ balẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Níbẹ̀ ni mo ti bi Àǹtí pé báwo ni ara ọmọ ṣe tètè gbóná sí i tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wé e. Wọ́n ní omi ife kan àti omi garawa, èwo ló máa kọ́kọ́ hó lórí iná kan náà? Ara ọmọ kéré, mo sì tún dí ọ̀nà tí ooru ìbá gbà jáde. Ẹ gbà mí! Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mo jẹ́ ní Ìbàdàn o. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan yìí!

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: bí ẹ bá sọ nọ́ńbà, ẹ sọ irú èyí tó jẹ́. Bí ara bá gbóná, ẹ ní ó gbóná. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, títí kan ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà lára ọmọ yẹn, ọwọ́ náà mọ̀ pé ara rẹ̀ ń jó, síbẹ̀ fóònù ni mo gbà gbọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ilé wo lẹ gbé sí Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí èèyàn yín? Ẹ bá mi sọ ọ́ o.