Ọdún Tí A Dìbò Lórí Òkun

Nígbà ọyẹ́, eruku ní òórùn tirẹ̀ ní Niamey. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí lè jiyàn pé eruku kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní àdúgbò Gamkalley mọ ohun tí mò ń sọ. Ó máa ń rùn bí ìkòkò amọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí, tí èéfín igi ìdáná sì rọra dà mọ́ ọn. Òórùn yẹn ló máa ń jí mi láàárọ̀. Bí mo bá lajú, mo máa ń bá ìyá mi lẹ́bàá fèrèsé, tó ń fi aṣọ tútù dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, nítorí àbúrò mi.

Láwàlì ni orúkọ àbúrò mi. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ikọ́ fée ń bá a jà. Bí eruku bá ti pọ̀ jù, àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè tí omi wọ̀, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, á wá ranjú mọ́ wa bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ tí kò rí èémí sọ ọ́.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá mi kì í dá wà. Kò tíì ké tán tí Ìyá Sálàmátù, obìnrin ẹ̀yà Zarma tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àgbàlá wa àti tirẹ̀, á ti gbé omi gbígbóná dé. Ọkọ rẹ̀ á ti sáré lọ dá takisí dúró lójú ọ̀nà ọ̀dà. Àwọn obìnrin tó ń bomi rin ọgbà létí odò á fi garawa wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sì máa ń sọ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀ ni pé, "Ènìyàn laṣọ mi." Ó sọ ọ́ títí tí etí wa kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Òun náà ní ọgbà sàlàdì àti àlùbọ́sà létí Odò Ọya. Ó fẹ́ràn láti máa sọ fún wa pé omi tí òun ń fọ́n sórí sàlàdì yẹn, bí ó bá ń ṣàn lọ, á kọjá ní Jẹ́bà, kò sì jìnnà sí ilé láti ibẹ̀. Ìlọrin ni ilé tó ń wí. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń tún fíríjì ṣe. Ní ìlú tí oòrùn ti mú tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tún fíríjì ṣe kì í febi sùn.

Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí wa. Bàbá Kútọnu là ń pè é, nítorí Kútọnu ló ń gbé, níbi tó ti ń gba fíríjì àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó dé láti ìlú òyìnbó. Ó ti kọ́lé sí Fidjrossè létí òkun, níbi tí àwọn olówó àti àwọn òyìnbó ń gbé. Kò tíì sinmi ìrìn-àjò tán tí ikọ́ fi kọlu Láwàlì lójú rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ọmọ náà títí èémí rẹ̀ fi padà, lẹ́yìn náà ló wá pe bàbá mi.

"Jímọ̀, kí lo ń wá nínú eruku yìí? Ọmọ yìí ń jà fún èémí, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ lọ́dọ̀ mi tí a kò rí ẹni lò ó."

Ó ní abala kan ilé òun ṣófo. Kí bàbá mi kó gbogbo wa wá, kó máa tún àwọn fíríjì náà ṣe bí wọ́n bá ti ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, kí àwa ọmọ sì wọ ilé-ìwé tó dára. Bàbá mi dúpẹ́, ó ní òun máa rò ó.

Ẹ rántí bí àwọn ọdún yẹn ṣe rí. Ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ bí ewé, rédíò kò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ìbò lọ. Àwọn tíṣà a máa daṣẹ́ sílẹ̀, àwa a múra lọ sílé-ìwé, a ó bá ẹnu ọ̀nà ní títì. Àlejò ni bàbá mi ní ìlú náà, kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbò wọ̀ ọ́ lára ju ọ̀pọ̀ onílùú lọ. Nígbà tí Bàbá Kútọnu ti padà, bàbá mi pe àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó lórí ẹní lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.

Ó ní, "Wọ́n ní ayé ti yí padà, pé gbogbo ẹni ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Kí kálukú sọ ohun tó dára nínú lílọ àti ohun tí kò dára. Ẹni tó bá mú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, ìbò rẹ̀ ti bàjẹ́."

Òun ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní iṣẹ́ kò ní tán níbẹ̀, ọmọ á sì mí. Ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ni òun á ti máa ṣiṣẹ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́, irùngbọ̀n òun sì ti ń hewú. Ó tún fi kún un pé iyọ̀ òkun a máa jẹ irin, pé fíríjì tí òun bá tún ṣe lónìí lè tún bàjẹ́ lọ́la. Ìyá mi ní ìyẹn kì í ṣe àbùkù, pé ọjà ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

Ní tèmi, ohun tó dára kún ẹnu mi: òkun, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé-ìwé tí kò ní máa tì. Ohun tí kò dára ni mo wá tì. Níkẹyìn mo ní Sálàmátù, ọ̀rẹ́ mi, kò ní sí níbẹ̀. Láwàlì ní òun á lè máa sáré. Àbùkù kan tó rí ni pé kò dá a lójú bóyá máńgòrò wà níbẹ̀.

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Ohun tó dára níbẹ̀ ni èémí ọmọ mi. Ohun tí kò dára ni pé mi ò mọ ẹnikẹ́ni."

Bàbá mi rán an létí pé ẹ̀gbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Ẹbí ni wọ́n," ìyá mi dáhùn. "Mo ní mi ò mọ ẹnikẹ́ni."

Èmi àti Láwàlì na ọwọ́ sókè. Ìyá mi kò na tirẹ̀, bàbá mi náà kò na tirẹ̀. Nígbà tó rí i pé ìbò di ọgbọọgba, ó ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni, pé kí a lọ fi ojú ara wa rí ibẹ̀ kí a tó pinnu.

Nígbà ìsinmi gígùn, bọ́ọ̀sì gbé wa gba Dosso àti Gaya, a rékọjá odò sí Malanville ní ilẹ̀ Benin, a sì ń lọ títí ilẹ̀ fi di tútù, tí igi fi ń sún mọ́ra. Mi ò lè gbàgbé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí òkun. Mo ti rò pé yóò dà bí Odò Ọya tó fẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo dúró, mo ń wá òdìkejì rẹ̀, n kò rí i. Láwàlì bọ́ bàtà, ó sáré lórí iyanrìn títí ó fi di kékeré lójú wa, ó sì sáré padà láìwúkọ́. Ìyá mi yíjú sápá kan, ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ilé náà dára. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n ògiri gíga àti géètì irin ló wà ní gbogbo àdúgbò. Ìyá mi a máa kí àwọn tó ń kọjá, àwọn a sì yí gíláàsì mọ́tò wọn sókè. Lọ́jọ́ kan ó dín máásà, àkàrà ìrẹsì, ó gbé e lọ sílé kejì. Ọlọ́dẹ gbà á láti inú ihò géètì. Nírọ̀lẹ́, abọ́ náà padà wá ní fífọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó bá a dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní èbúté, tí ìyàwó Bàbá Kútọnu sì rìnrìn-àjò, Láwàlì lọ ń ṣeré nínú yàrá ìsàlẹ̀ kan tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà òjò, tí ọ̀rinrin ti mú ògiri rẹ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti mú un. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀ rí, kódà nínú ọyẹ́. Ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀. Ìyá mi ké ní Yorùbá, ó ké ní Zarma, ìró òkun gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó pọ̀n ọ́n, a jáde sí títì. Ní géètì àkọ́kọ́, ọlọ́dẹ ní ìyáálé ilé ń sùn. Ní èkejì, ajá ló dá wa lóhùn. Mo bọ́ bàtà mi, mo ń fi í gbá irin géètì kẹta, mo ń kígbe ní Faransé tí wọ́n kọ́ mi nílé-ìwé pé àbúrò mi ń kú lọ.

Obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ìdajì irun orí rẹ̀ ni wọ́n ti dì. Kò béèrè ẹni tí a jẹ́. Ó gbé wa sínú mọ́tò rẹ̀ láìwọ bàtà, ó sì sáré wà á débi tí àwọn ọlọ́kadà ń sá fún un. Tántì Célestine ni orúkọ rẹ̀. Nílé ìwòsàn, ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú títí àyà Láwàlì fi rọlẹ̀. Ó wá sọ fún wa pé, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé àdúgbò yẹn. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi."

Dókítà ṣàlàyé fún bàbá mi pé eruku ń da ọmọ náà láàmú, ọ̀rinrin náà sì ń dà á láàmú. Ó fún wa ní oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu, ó kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Kí a tó padà, bàbá mi tún pè wá jọ, ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo tún na ọwọ́ sókè. Láwàlì wo ojú ìyá mi, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ itan. Bàbá Kútọnu bínú, ó ní àbúrò òun ń ta oore nù. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kó tó dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ohun rere lẹ fi lọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàwó mi ti lè ké tí àdúgbò á dá a lóhùn, ibẹ̀ nilé mi."

Àgbà náà fà á dìde. Nígbà tó yá, ó ní bí bẹ́ẹ̀ bá ni, òun á máa fi fíríjì ránṣẹ́ sí i ní Niamey. Ìdí òwò tí bàbá mi ṣe títí ó fi darúgbó nìyẹn. Èmi sunkún títí a fi dé Malanville. Bàbá mi wá jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, ó ní mo ti dìbò, wọ́n sì fìdí mi rẹmi, pé ẹni tí wọ́n bá fìdí rẹ̀ rẹmi nínú ìbò kì í dáná sun ìlú.

Nígbà tí a délé, ó fi sìmẹ́ǹtì lẹ ilẹ̀ yàrá wa, ó ṣe àjà sí i, ó sì ṣe fèrèsé tó ń tì dáadáa. Oògùn náà kì í tán nílé. Lónìí, Láwàlì ló ń ṣáájú ìrun ní mọ́sálásí kan ní Talladjé ní Niamey, ó sì ń fi èémí kan ka áyà Kùránì tó gùn débi tí àwọn ẹlẹ́yìn rẹ̀ máa ń mí fún un.

Èmi ń gbé ní Fidjrossè báyìí. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Kútọnu. Nígbà tí wọ́n ní ká yan ibi tí a ó gbé, a jókòó, a wo rere rẹ̀, a wo àbùkù rẹ̀. Ilé wọ́n, iyọ̀ ń jẹ géètì, ọ̀nà jìn sọ́jà. Mo na ọwọ́ sókè síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kó wọlé, mo mú àwọn ọmọ mi lọ́wọ́, a sì kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé tó wà ní títì wa. Àwọn kan ṣí i, àwọn kan ní ìyáálé ń sùn. Mo padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sùn.

Mi ò bá ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn jà fún ìbò tó dì. Ó rí ohun tó dára, ó sì na ọwọ́ sí i láìbẹ̀rù. Mo ṣì fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀. Ó rò pé èèyàn á bá àdúgbò nílẹ̀ ni, bí ó ṣe ń bá òkun nílẹ̀. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ọwọ́ ni a fi ń ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi wá kí wa. Ó jókòó sẹ́nu géètì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń kọjá sì ń dúró kí i, wọ́n ń béèrè bóyá òun ni ìyá mi. Ọjọ́ tó yẹ kó padà sí Niamey pé, ó ní kí n má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.