Àtẹ́wọ́ fún Bàbá Akéwì

Nínú gbogbo ilé tó wà ní apartment wa ní Alief, nílẹ̀ òyìnbó níbí, akéwì kan ṣoṣo la ní, ará Íńdíà sì ni. Ẹnjiníà páìpù epo ni bàbá náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pè wọ́n ní ẹnjiníà, wọn ò ní dáhùn. Ìwé ewì márùn-ún ni wọ́n ti kọ ní èdè Urdu. Wọ́n fún mi ní gbogbo rẹ̀, èmi tí n ò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyàwó wọn sì ti sọ fún mi lójú wọn pé obìnrin inú ewì yẹn kì í ṣe òun, torí irun òun ò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá kàn ń mu tíì wọn lọ ni.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin wọn wá kanlẹ̀kùn mi. Ó ní bàbá òun ti ń gbàgbé nǹkan, wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíì pe òun. Àwọn ará ilẹ̀ wọn sì ti pè wọ́n pé kí wọ́n wá ka ewì lọ́sàn-án Sunday.

"Uncle, please, ẹ bá wa lọ. Tí wọ́n bá gbàgbé ewì níwájú èèyàn, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n kà á níta mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo sáré kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gba freeway lọ sí gbọ̀ngán kan lápá Greenspoint. Orí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ la jókòó sí, orúnkún mi ń pariwo. Nígbà tó kan bàbá, wọ́n ka ìlà kan. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún ka ìlà kan náà.

Ó ti tán! Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ọmọdé bá gbàgbé ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, àtẹ́wọ́ la fi ń gbà á sílẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ nìyẹn. "Ẹ kú iṣẹ́, Daddy! Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́!" Gbogbo gbọ̀ngán yíjú sí mi.

Ọmọ wọn fà mí láṣọ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ka ewì nílẹ̀ àwọn nìyẹn: akéwì á tún ìlà àkọ́kọ́ kà kí èkejì lè máa wu àwọn èrò gbọ́, tó bá sì dùn, àwọn èrò fúnra wọn á ní kó tún un kà. Ojú tì mí. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tètè sọ fún mi?

Láti ìgbà náà, mo di ọ̀jọ̀gbọ́n. Tí bàbá bá ti tún ìlà kà, èmi ni mo kọ́kọ́ ń mirí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ewì tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ wọ́n, ọmọ wọn sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí: "Mo ru ilé mi kọjá òkun." Wọ́n tún un kà. Mo mirí. Wọ́n tún un kà. Mo pariwo pé, "Ẹ tún un kà, sà!" Wọ́n tún un kà. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọmọ wọn ti di ọwọ́ mi mú pinpin.

Àwọn èrò ló gbé ìlà kejì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni mo gbàgbé sílé," ọmọ wọn túmọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn. A ti yọ, mo ní lọ́kàn mi, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n gbàgbé?

Bàbá wo àwọn èrò, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo gbọ̀ngán sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín kí n tó béèrè ohun tí wọ́n wí.

"Wọ́n ní ewì yìí dára gan-an, ta ló kọ ọ́?"

Ọmọ wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde, ó ń wá bàtà bàbá rẹ̀ láàárín bàtà tí gbogbo wa bọ́ sẹ́nu ọ̀nà.