Òkúta Inú Ìrẹsì Ìyá Mi

Ìrẹsì Igbemo ní òórùn kan tí ìrẹsì òkèèrè kò ní. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ ọ́, tí a sì sá a sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó máa ń rùn bí ewé gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, òórùn náà a sì wọ aṣọ ẹni lọ. Òórùn yẹn ni mo mọ̀ mọ́ ìyá mi lára. Wọ́n ń kó ìrẹsì láti Igbemo wá sí Ọjà Ọba ní Adó, wọ́n ń tà á, òun náà ni wọ́n sì fi rán mi nílé-ìwé títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Títí di òní, bí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ tí òórùn náà kí mi káàbọ̀, ènìyàn méjì ni mo máa ń rántí: ìyá mi, àti ọkùnrin tó ba orúkọ wọn jẹ́. N kò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, àwọn àárọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn. Wàá sì rí i pé “ó” ni n ó máa pè é títí n ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ.

Ẹni tó bá mọ ìrẹsì wa mọ̀ pé òkúta ni àbùkù rẹ̀. Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta kúrò. Ilẹ̀ la ń sá a sí, ilẹ̀ la ti ń gbá a jọ, ohun tó bá sì sùn sílẹ̀ kò lè ṣàì mú ilẹ̀ díẹ̀ dání. Yíyí la máa ń yí i. O ó da ìrẹsì sínú igbá, o ó bu omi lé e, o ó máa mì í jẹ́jẹ́, o ó sì máa da ìrẹsì àti omi náà díẹ̀díẹ̀ sínú igbá kejì. Òkúta a máa rọra jókòó sísàlẹ̀ igbá àkọ́kọ́ bí olè tí wọ́n ká mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi máa ń yí i, lórí ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í yára. “Uṣẹ́ ugbá ni,” wọ́n á ní, “kì í ṣe uṣẹ́ ẹnu.”

Ní ọdún kejì mi nílé ẹ̀kọ́, èmi ni olórí àwọn tó ń dáná nínú fẹ́lóṣíìpù wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni. Ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù fún wa lọ́dún ni ọjọ́ ìkíni-káàbọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí àárò ilé ń sọ, tí kò mọ ẹnì kan lọ́gbà, bó bá jẹun yó lọ́dọ̀ wa ní Sátidé, ó dájú pé yóò padà wá ní Sọ́ńdè. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyá mi kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n gbé odidi àpò ìrẹsì kan jáde, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, ọmọ ọlọ́mọ ni, kí wọ́n jẹun. Inú mi dùn, mo sì ń yan bí ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ ọba.

Ààrẹ fẹ́lóṣíìpù nígbà náà wà ní ọdún àṣekágbá. Bọ̀ọ̀dá Ààrẹ la ń pè é. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ nínú oòrùn Adó, bó bá sì ń gbàdúrà, wọ́n á gbọ́ ọ dé àdúgbò Adébáyọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé náà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí ìrẹsì náà ní àkọ́kọ́, a kò sì tíì dé ìdajì rẹ̀, ni ó sáré wọlé wá pé àlejò oníwàásù ti dé ṣáájú àkókò. Ó ní kí a da ìrẹsì sínú ìkòkò.

“Bọ̀ọ̀dá, òkúta ṣì wà níbẹ̀,” mo ní.

“Arábìnrin, ìgbàgbọ́ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe bàsíà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé bàsíà, ó dà á sínú omi tó ń hó. Àwọn arábìnrin méjì tó wà pẹ̀lú mi rí i. Èmi náà rí i, mo sì panu mọ́, nítorí pé ààrẹ ni.

Ṣíbí kejì ni àlejò oníwàásù bù sẹ́nu tí gbogbo tábìlì iwájú fi gbọ́ “kau!” Ó tutọ́ sínú háńkáṣíìfù rẹ̀, ẹ̀là eyín funfun kan sì wà nínú rẹ̀. Mo ń wo Bọ̀ọ̀dá Ààrẹ, mo rò pé yóò tọrọ àforíjì. Ó dìde, ó gbá máìkì mú, ó ní ẹ̀bùn tí kò bá ti inú ọkàn mímọ́ wá, òkúta kì í wọ́n nínú rẹ̀, kí ìjọ gbàdúrà fún ìyá onírẹsì Igbemo tó fi í ránṣẹ́. Wọ́n gbàdúrà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò mọ ìyá mi rí di ojú, wọ́n ń lé ẹ̀mí burúkú jáde lára ìyá mi. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yọ mí kúrò nínú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi mí sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìbáwí ni ìjókòó ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa: bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá lo ó máa jókòó sí, o kò gbọdọ̀ kọrin, o kò gbọdọ̀ dáná, títí tí sáà ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Àwọn arábìnrin méjèèjì ń wo ilẹ̀. Mo wo ojú Bọ̀ọ̀dá Ààrẹ, ó sì yára yí ojú rẹ̀ kúrò.

Ìjókòó ẹ̀yìn kò pa mí. Ohun tó ká mi lára ni pé Adó kò tóbi tó bí a ṣe rò. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Ọjà Ọba. Oníbàárà á dé iwájú ìyá mi, á fi ọwọ́ tú ìrẹsì wò, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìyá, ṣé kì í ṣe èyí tó ń ká eyín pásítọ̀ nìyí?” Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìrẹsì lójú oníbàárà kí wọ́n tó tà á, ìrẹsì tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n tún máa sá a padà. Orúnkún wọn bà jẹ́ nídìí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, títí mo fi ra àpótí kékeré kan fún wọn láti máa jókòó yí i. Nígbà tí mo bá ń bínú, wọ́n á ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mò ń bá Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Ìyá mi kú láìsí ẹni tó wá sọ fún wọn pé irọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ọjà Ọba sì di tèmi.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ikùn rẹ̀ ti yọ, ṣùgbọ́n táì ṣì wà lọ́rùn. Kí ó tó ṣí ẹnu ni mo ti mọ̀ ọ́n. Òun kò mọ̀ mí. Ó ní òun ni alága àwọn àgbà tó ń ran fẹ́lóṣíìpù lọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́ náà, pé àwọn ọmọ fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun káàbọ̀, bóyá Màmá lè fi ìrẹsì díẹ̀ ran iṣẹ́ Olúwa lọ́wọ́.

“Ẹ̀yin náà á wà níbẹ̀ láti jẹ ẹ́?” mo bi í.

“Tábìlì iwájú ni, Màmá, lágbára Ọlọ́run.”

“Odidi àpò kan. Mo fún yín.”

Wọ́n fi orin dá mi lọ́lá. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Gẹ́rẹ́ tí wọ́n kẹ́yìn sí mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkúta. Má rẹ́rìn-ín, ìṣòro gidi ni. Ẹ̀rọ ló ń ṣa ìrẹsì báyìí, gbogbo èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ bí eyín ọmọdé. Mo wọkọ̀ lọ sí Igbemo, mo béèrè títí mo fi rí ìyá arúgbó kan tó ṣì ń sá tirẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Nígbà tí mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ fẹ́ ẹ, kí wọ́n gbá a jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

“Ọmọ mi, ulé adìẹ lò ń gbé èyí lọ?”

“Ẹ̀n, Mà,” mo ní. “Àkùkọ kan ni mo fẹ́ fún jẹ.”

Mo ti ṣètò gbogbo rẹ̀ lọ́kàn. Èmi fúnra mi ni n ó bu tirẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, n ó sì jókòó sí ibi tí n ó ti gbọ́ “kau” náà dáadáa. Nígbà tí Sátidé yẹn dé, mo ró ìró ìyá mi kan, mo tètè lọ. Mo gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wọlé síbi ìdáná, ohun tí mo rí sì dá mi dúró. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ yí àwọn bàsíà ká, wọ́n ń yí ìrẹsì mi. Èyí tó jẹ́ olórí wọn, ọmọ tó bá ọkùnrin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, kúnlẹ̀ kí mi.

“Ẹ má bínú, Mà, òfin wa ni. A kì í sè é láìyí i lẹ́ẹ̀mẹta, ká má baà jẹ ìrẹsì ìyá Igbemo.”

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo béèrè pé ta ni ìyá Igbemo. Ọmọ náà ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, àwọn kàn bá a lẹ́nu àwọn àgbà ni, pé ìyá kan ló kórìíra ìránṣẹ́ Ọlọ́run láyé ọjọ́un, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ kó òkúta sínú ìrẹsì ránṣẹ́ sí i.

Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ni wọ́n ń fi ìyá mi ṣẹ̀fẹ̀. Èmi wá nìyí, ọmọ ìyá náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé òkúta wá. Irọ́ tí ọkùnrin yẹn pa láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́ di òótọ́ lọ́sàn-án gangan yẹn. Bí eyín rẹ̀ bá ká, á ní ṣé òun kò wí. Ó ṣe mí bíi kí n pariwo. Mo ká ìró ìyá mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀, mo gba bàsíà lọ́wọ́ ọmọ tó wà nítòsí mi.

A yí àpò náà tán, ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko. Àwọn ọmọ náà ń wo ọwọ́ mi. Òkúta tí a yọ kún agolo mílíìkì ńlá kan, mo sì ní kí wọ́n má dà á nù. Nígbà tí gbogbo ènìyàn jẹun tán, tí eyín kankan kò ká, ọkùnrin náà gba máìkì láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá onírẹsì. Wọ́n pè mí síwájú. Mo gbé agolo náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀ tó ti lá mọ́.

“Ìyá Igbemo tí ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀, èmi ni ọmọ wọn,” mo ní. “Wọn kò kórìíra ẹnikẹ́ni. A ò tíì yí ìrẹsì wọn tán lọ́jọ́ náà tí ẹnì kan fi fipá gbà á lọ́wọ́ wa, tó dà á sínú ìkòkò. Ẹ ní kí alága yín sọ ẹni náà fún yín.”

Ọkùnrin náà wo inú agolo, ó wo ojú mi, mo sì rí i pé ó dá mi mọ̀ wàyí. Mò ń gbàdúrà kí ó sẹ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa fi parí rẹ̀ jọ, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń pọ́n ọn. Kò sẹ́. Ó ní, “Èmi ni. Èmi ni mo dà á.” Ó fi máìkì sílẹ̀, ó rìn gba àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọjá, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá, títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó dùn mọ́ mi, ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mọ́ mi dé ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀, ó bi mí pé kí ni kí òun ṣe. Mo ní kò sí ohun tó lè ṣe fún ẹni tó ti kú, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìkíni-káàbọ̀ bá tún ń bọ̀, kí ó wá yí ìrẹsì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó sì ń wá. Lọ́dọọdún ni mo ń fún àwọn ọmọ náà ní àpò kan, ìrẹsì tí ẹ̀rọ ti ṣà tán, tí kò sí òkúta kan ṣoṣo nínú rẹ̀, òun a sì yí i lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo Ọjà Ọba. Àwọn ọmọbìnrin náà ṣì ń dárúkọ ìyá Igbemo bí wọ́n bá ń dáná, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé kí ẹni tó bá ń kánjú lọ jókòó, kí a yí i bí ìyá Igbemo ṣe ń yí i. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sunkún.

Wọ́n ní ti Olúwa ni ẹ̀san. Èmi náà gbà, nítorí mo ti rí bí tèmi ṣe kù díẹ̀ kí ó pa orúkọ ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti dárí ji ọkùnrin náà, mo sì ti sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ nídìí bàsíà, tí orúnkún rẹ̀ ń ró, á máa fojú wo àpótí ìjókòó ìyá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èmi náà á wò ó. N kò tíì gbé e fún un.