Àsíyátù àti Fídíò tí Kò Lóhùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí inú ṣì ń bí mi. Obìnrin kan wà ní Kabba, Àsíyátù lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà fídíò bọ̀ láti Mẹ́kà, tó ní òun ò mọ̀ ọ́n lò, kí Àsíyátù máa lò ó. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ìpínlẹ̀ Kogí ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà yẹn. Gbogbo ẹni tó ní kámẹ́rà ló ń sá tẹ̀lé ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n Àsíyátù ní ìrìn àjò lòun fẹ́ máa yà. Ó ń wọ mọ́tò lọ sí Mopa, sí Iyamoye, sí Odo-Ape, ó ń ya oko, ó ń ya òkè, ó ń ya àwọn tó ń tọ̀nà odò bọ̀.

Kíkí ló kọ́kọ́ ń bí i nínú. Ta ló máa rí àlejò nílẹ̀ wa tí kò ní kí i? Bó bá ti gbé kámẹ́rà sójú báyìí, ẹni tó ń yà á kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ Okun, "Okun o! Ilé ńkọ́?" Á fi ìbínú pa kámẹ́rà. Ó wá ń sá pamọ́ sẹ́yìn igi bí olè, kò sì rí nǹkan kan yà ju ẹ̀yìn èèyàn lọ. Fídíò náà kò dùn-ún wò rárá. Òun fúnra rẹ̀ wò ó, ó sùn lọ.

Odo-Ape ni ojú rẹ̀ ti là. Àgbẹ̀ kan, Bàbá Lájídé, ń kọ ebè. Àsíyátù gbàgbé ara rẹ̀, ó kí i láì pa kámẹ́rà. Bàbá nàró, ó nu òógùn, ó wò ó lójú.

"Okun, ọmọ mi. Ọ̀nà ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́?"

Àsíyátù ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wo fídíò náà nílé, ó pariwo. Ojú bàbá yẹn! Bí ẹ̀rín ṣe ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ohùn tó jáde! Látọjọ́ náà ni kò ti sá fún kíkí mọ́. Ó wá mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí kí oòrùn lè bá ojú ẹni tó ń nàró, ó sì mọ̀ pé kí òun tó dáhùn, kí òun jẹ́ kí ojú onítọ̀hún túká tán. Bó ṣe ń kí wọn ló fi ń yà wọ́n.

Ìgbà yẹn ni James dé láti Lọ́kọ́ja, ọkùnrin kan tó ń ṣètò eré fún tẹlifíṣọ̀n. Ó ní gbogbo ayé á rí ilẹ̀ Okun. Àsíyátù da fídíò náà kọ fún un. Ṣé ẹ mọ ohun tí oníranù yẹn ṣe? Ó nu gbogbo ohùn inú rẹ̀ nù, ó fi gìtá òyìnbó sí i! Bàbá Lájídé ń la ẹnu, ó ń pa á dé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àwọn àna Bàbá Lájídé ní Kabba wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní bàbá ti ń dá sọ̀rọ̀.

Àsíyátù kọrí sí Lọ́kọ́ja. "Ẹ dá ohùn àwọn èèyàn mi padà!"

James ń jẹ ẹ̀pà. "Màdáámù, ariwo lásán ni. Àwòrán yín dáa."

"Ariwo? Ìwọ yìí, orí ẹ pé ṣá? Àgbàlagbà lo sọ di wèrè yẹn!"

James ò tiẹ̀ dìde. Bí Odo-Ape bá tìtorí ẹ̀sín yìí kọ Àsíyátù, tí Mopa gbọ́, tí Iyamoye gbọ́, ta ni yóò tún tújú ká fún un? Iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Àsíyátù gbé tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ lọ bá Bàbá Lájídé, ó fi ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì sí i. Gbogbo agboolé gbọ́ ohùn bàbá, wọ́n sì gbọ́ ti Àsíyátù tó ń dá a lóhùn.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ọ? Mo dá yín lóhùn! James ló nù ún nù, Ọlọ́run á mú un!"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"James wo? Èmi ò mọ James. Ìwọ ni mo bá sọ̀rọ̀."

Ó mú ọkọ́, ó ń lọ sóko. "Okun o, Bàbá!" Àsíyátù kígbe tẹ̀lé e. Bàbá ò wẹ̀yìn.