Ihò Ìgbọ̀nwọ́ Kóòtù Clement Tansley

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa kóòtù dúdú kan yọ, ó ní kí n sọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín.

Tíṣà ni Clement Tansley, ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Ludlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogún ọdún ló fi kọ́ ọmọ àwọn èèyàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí wọ́n fi òun jẹ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọwọ́ Ọ̀gágun Fanshawe sì ni ipò náà wà. Èmi ni mò ń fọ abọ́ nílé Ọ̀gágun nígbà yẹn.

Ọ̀gágun pe Clement wá jẹun alẹ́. Clement ra kóòtù dúdú tuntun kan. Mavis ìyàwó ẹ̀ lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Táì tó dà bíi labalábá, ṣọ́ọ̀bù ló ti bá a ní síso. Ìkọ́ ló fi há a mọ́ ọrùn.

Ó dé ilé Ọ̀gágun. Kóòtù bàbá bàbá Ọ̀gágun ló wà lọ́rùn Ọ̀gágun: ó ti ṣá, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ti lu, irun ajá bò ó. Táì ẹ̀ wọ́ sápá kan.

Ọ̀gágun ní, "Háà, Tansley! Kóòtù yìí mà tuntun o, bíi ti agbáwo. Ṣé ìwọ lo máa bu ọbẹ̀ fún wa lónìí ni?"

Gbogbo àlejò bú sẹ́rìn-ín. Clement náà rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó sunkún.

"Mavis, àkísà ni wọ́n ń wọ̀!"

"Àkísà kẹ̀? Ó dáa, gbé e wá."

Òkúta ni wọ́n fi ha ìgbọ̀nwọ́ kóòtù náà títí ó fi lu.

Ní Kérésì, wọ́n tún pè é. Ó wọ ọ́ lọ, ó fa táì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó Ọ̀gágun wò ó tòkè-tilẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Tansley, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ṣubú lọ́nà ni?"

Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gágun ní, "Ẹni tí ò lè tọ́jú kóòtù ara ẹ̀, ṣé òun la máa kó ọmọ ọlọ́mọ fún?" Ó na ọwọ́ sí wáìnì, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ yọ jáde látinú ihò tiẹ̀.

Ẹlòmíràn ni wọ́n fi jọ̀gá. Mavis fẹ́ rán ihò náà, Clement ò gbà.

"Fi í sílẹ̀. Ihò tèmi ò tíì gbó tó ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ihò náà wà níbẹ̀ títí Clement fi kú.

Ó tó. Ẹ pa iná yẹn, ẹ wọnú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí Clement ì bá wọ̀. Èmi náà ò mọ̀.