Òpó Òyìnbó ní Ìwó

Iṣẹ́ mi kò le, ó kàn máa ń súni ni. Ní Forest Hill, ní ìlú Òyìnbó níbí, níbi kan tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, èmi ni mò ń tẹ́ àwòrán ilé sórí tábìlì, tí mò ń ya fọ́tò wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ìdílé olówó kan ló ní kí wọ́n ya àwọn àwòrán náà láyé àtijọ́, ilé ńláńlá tí wọ́n ní ní ìgbèríko. Wọ́n fi yíǹkì fà á tínrín-tínrín: iwájú, ẹ̀yìn, inú. Mi ò kàwé púpọ̀. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n rẹwà.

Bàbá mi ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ìwó. Ẹ mọ àwọn bàbá wa ní Peckham: wọ́n á máa gbá ọ́fíìsì níbí, wọ́n á máa fi fóònù kọ́lé lọ́hùn-ún. Ìsàlẹ̀ ilé ti dúró, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ bí iwájú àti òkè ṣe máa rí. Ní ọjọ́ Sunday kan, mo fi ọ̀kan nínú àwọn àwòrán yẹn hàn wọ́n, kí n kàn lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Òpó gàgàrà-gàgàrà ló wà níwájú ẹ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọn ò sì tètè dá a padà.

Wọ́n ní, "Ilé èèyàn nìyí. Fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí bíríkìlà."

Gbogbo ẹ̀ náà ni mo fi ránṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á máa fi àwòrán náà han àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn yẹn sọ wọ́n ní Lọ́ọ̀dù Ìwó. Wọ́n á ní, "Lọ́ọ̀dù, ẹ ẹ́ jẹ́ ká wọlé ṣá?" Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ṣàlàyé ibi tí owó ilé wọ̀nyẹn ti wá. Oko ìrèké ni ìdílé yẹn ní ní Jàmáíkà, níbi tí àwọn aládùúgbò wa kan ní Peckham ti wá. Àwọn èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa ló ń gé ìrèké ọ̀hún títí wọ́n fi ń kú. Ó tún tọ́ka sí àtẹ̀gùn tóóró kan lẹ́yìn ògiri nínú àwòrán náà. Ibẹ̀ ni àwọn ìránṣẹ́ ń gbà, kí àlejò má baà fojú kàn wọ́n.

Mo délé, mo rí i bí inú bàbá mi ṣe ń dùn, mo panu mọ́. Aáwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, aáwẹ̀ parí, mi ò sọ̀rọ̀.

Bíríkìlà wá fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn òpó ti dúró. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Kí ni àtẹ̀gùn tóóró tó wà lẹ́yìn yìí wà fún?" ni wọ́n bi mí. "Bíríkìlà ní bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ohun tí o fi ránṣẹ́."

Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa fún wọn.

"Ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń mú mi gbà wọlé níbi iṣẹ́," ni wọ́n sọ.

Wọ́n pe bíríkìlà, wọ́n bi í bóyá òpó iwájú ṣeé wó. Ó ní òun lè wó àwọn òpó, ṣùgbọ́n òrùlé ò ní ṣeé kàn kí òjò tó dé mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá mi wo orúnkún wọn. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

"Fi òpó sílẹ̀," ni wọ́n sọ fún un. "Ó ti rẹ̀ mí, ilé ni mo fẹ́ lọ. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn yẹn ni kí o dí pa."

Bíríkìlà ní ibẹ̀ máa dára láti kó iṣu sí.

"Dí i pa."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Dádì." Wọ́n ní kí n dìde, inú ò bí àwọn.

"Ṣùgbọ́n gbogbo ayọ̀ tí mo ti yọ̀ sí i ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. "Kí ni kí n ṣe sí ìyẹn?"